Ẹnu Fèrè Tí Mo Gbé Wálé Láti Pọtákọ́tì

Òjò wínníwínní ni ó ń rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́, irú òjò tí kì í rẹ aṣọ tán, tí kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ewúrẹ́ kó ara wọn jọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ni òjò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, mo wá rí i pé bí mo bá ní kí ó dá, n kò ní lọ mọ́. Mo ká ìró mi sókè, mo gbé àpò mi lé orí, mo jáde.

Oṣù keje ọdún 1970 ni. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí ẹ máa ń ní kí n sọ bí Pọtákọ́tì ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbé mi lọ, nítorí kì í ṣe ìgbafẹ́ ni mo bá lọ.

Àyìndé ọmọ mi, fèrè idẹ ni ó ń fọn láti kékeré, láti ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa. Nígbà tí ó dàgbà, ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà ìpamọ́. Àwọn yẹn ni wọ́n máa ń kọ́ níwọ̀nba, tí wọ́n á dá padà sílé títí ìlò wọn yóò fi dé, bí ìgbà tí ènìyàn kó irúgbìn iṣu sórí àjà. Ìlò wọn dé ní 1967 tí ogun bẹ̀rẹ̀. Wọn kò pe Àyìndé pé kí ó wá yìnbọn o. Fèrè ni wọ́n ní kí ó wá fọn. Nínú ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn ìpamọ́ yìí, wọ́n yọ ènìyàn mẹ́sàn-án sọ́tọ̀ tí yóò máa kọ orin jáàsì fún àwọn ọ̀gá ṣọ́jà, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àyìndé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án.

Baba rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Káfíńtà ni Baba yín àgbà, alàgbà sì ni nínú ìjọ. Àyìndé ni ó fẹ́ fi òòlù àti ayùn lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ ń di ẹrù rẹ̀, Baba já ẹnu fèrè náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irin kékeré kan ni, ó dà bí ife tí ó ní ìrù. Òun ni wọ́n ń kì bọ orí fèrè kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu, bí kò bá sí, fèrè kò ní dún. Owó ara Àyìndé ni ó fi rà á ní Ìbàdàn. Baba sọ ọ́ lu ògiri, etí rẹ̀ kan sì tẹ̀ wọnú. Ó ní, "Bí o bá gbé nǹkan yìí jáde nínú ilé mi, má padà wá bá mi níbẹ̀." Àyìndé ṣa irin rẹ̀ nílẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó jáde.

Ogun parí, ọmọ ẹlòmíràn dé, ọmọ tiwa kò dé. Ìgbà tí ó wá di oṣù kẹfà ni àìsàn kan gbé Baba ṣánlẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ní láti fi etí sí ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́.

"Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ni mo fẹ́ fi mú un kúrò," ni ó wí. "Lọ mú un wá. Má jẹ́ kó pẹ́. Ahọ́n mi ń lọ."

Mo ní kí n rán lẹ́tà. Ó wò mí títí. Mo mọ ìdí tí ó fi wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ níwájú.

Ojú ọ̀nà

N kò ní sọ ti mọ́tò. Mọ́tò ni mọ́tò. Ní Àsàbà a bá odò ńlá, ogun ti fọ́ afárá rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó wa kọjá. Ènìyàn pọ̀ bí eéṣú, kálukú ń ti ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì sú mi. Obìnrin Íbò kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n rí mi pé mo ti dàgbà, kò bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Ó fi ìgbáròkó ti ọkùnrin méjì sẹ́yìn, ó fọwọ́ lu ibi tí ó ṣí sílẹ̀, ó ní, "Mama, sidon." Mo jókòó. A kò gbọ́ èdè ara wa kọjá ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ni ó ṣe dáadáa sí mi lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tí a kúrò ní Òwẹ́rì, ilé tí ó jóná pọ̀ ju ilé tí ó ní òrùlé lọ. Ní Isiokpo àwọn ṣọ́jà dá wa dúró. Oko ẹ̀gẹ́ ni ó wà lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gẹ́ náà kò tíì ju àtàǹpàkò lọ, ẹni tí ebi ń pa ló ń wú wọn kí wọ́n tó tó wú. Obìnrin kan tò mẹ́rin sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó rí iyọ̀ nínú àpò mi nígbà tí ṣọ́jà tú u, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára iyọ̀ náà mọ́. Mo bu ẹ̀kún ọwọ́ méjì fún un. Ó kó ẹ̀gẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi. Mo ní rárá. Ó kó wọn sínú àpò mi tipátipá, ó sì yí ojú sápá kan kí n má baà lè dá wọn padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í gba ohun ọ̀fẹ́, bí ó ti wù kí ìyà jẹ wọ́n tó.

Ṣọ́jà tí ó tú àpò mi, ọmọ Yorùbá ni, ó rí ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo kó lọ́wọ́, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ti òtútù ni. Ó bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ mi tí ó ń fọn fèrè jáàsì ni.

Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ìyá àwọn onífàájì rè é o. Mama, àwa la jagun, àwọn ọmọ yín ló jó o."

"Ẹ jẹ́ kí n kọjá," ni mo wí. "Ijó náà ni mo fẹ́ lọ dá dúró."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràbí

Òjò ti Pọtákọ́tì kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò wa. Òjò wa máa ń kìlọ̀, yóò fẹ́ atẹ́gùn, yóò sán díẹ̀. Tibẹ̀ kàn ń dà ni, bí ẹni pé ẹnì kan da korobá nù láìwo ìsàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo dé sí ní Díóbù, lọ́dọ̀ Ìyá Ràbí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti ń ta àwo àti ìkòkò níbẹ̀ kí ogun tó dé. Ó sá lọ sílé nígbà ogun, ó sì ti padà. Ó bá ilé rẹ̀, kò bá ilẹ̀kùn.

Àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Ràbí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró gangan, ó ní, "Mama, welcome o. How road?" Mo wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ má wò mí, Ìyá Àyìndé," ni ó wí. "Níbí ni wọ́n bí i sí. Bí mo bá sọ Yorùbá sí i, èdè tàwọn ni yóò fi dá mi lóhùn. Ràbí, kúnlẹ̀ kí Màmá." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sì tún ní, "Mama, welcome o." Kò yé e pé ó kù síbì kan.

Oúnjẹ tí ó gbé síwájú mi, ọbẹ̀ ìsáwùrù inú omi ni, tòun ti ìkarahun rẹ̀ ni ó sè é, ẹ̀bà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e sẹ́nu kí n fà á. Mo fà á, kò jáde. Ràbí fi hàn mí, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó jáde pọ́ọ̀. Mo fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dùn mí. Ọbẹ̀ náà dùn o, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ènìyàn máa bá jà kí ó tó jẹ ẹ́, n kò rò pé fún arúgbó ni. Bọ̀ọ̀lì ni mo wá gbára lé lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú ẹja yíyan àti epo ata tí wọ́n ń bù sí i lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ni Pọtákọ́tì fi ṣẹ́gun mi.

Àwọn mẹ́sàn-án

Ìyá Ràbí sìn mí dé bárékè lọ́jọ́ kejì, ọjọ́bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sá lọ ni wọ́n kó àwọn afunfèrè sí. Aṣọ kakí sá sórí okùn láti igun dé igun. Àyìndé jáde wá. Ó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti hu irùngbọ̀n, àmì róbótó kan sì ti wà ní àárín ètè rẹ̀ níbi tí irin yẹn máa ń gbé jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ó dìde, mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀, n kò tilẹ̀ tíì jókòó.

"Baba rẹ ń pè ọ́. Ara rẹ̀ kò yá. Ó ní òun fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Ahọ́n rẹ̀ ń wúwo, Àyìndé. Ká lọ."

Ó wo ilẹ̀. "Ìyá mi, a ní ijó fún àwọn ọ̀gá ní Sátidé. Tí mi ò bá sí níbẹ̀, fèrè ò pé. Lẹ́yìn Sátidé."

Ọ̀túnla ni Sátidé. Mo ní ó dára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Mo ti gbé pẹ̀lú káfíńtà fún ọgbọ̀n ọdún. Káfíńtà á wọn igi, á gé e, ó ti tán. Àwọn wọ̀nyí á jókòó, ọ̀kan á ka ení, èjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Kò ní pé ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan á ní kí wọ́n dúró. Wọ́n á jiyàn. Wọ́n á tún ka ení, èjì. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán, orin kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọn kò parí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá parí rẹ̀ tán, kálukú tún dá orin tirẹ̀ kọ ní àárín, èyí kò jọ èyí. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi jìyà láti kọ́ ọ pọ̀ nígbà náà?

Ọkùnrin kan láti Ọ̀fà wà níbẹ̀, Yusufu ni orúkọ rẹ̀. Fèrè tirẹ̀ ká bí ìkòkò tábà, ó sì ń sunkún nínú ọ̀fun. Òun ni ó dá mi lóhùn. "Màmá, bẹ́ẹ̀ ni jáàsì ṣe rí. A ó jọ jáde nílé, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀, a ó tún jọ wọlé."

"Àwọn tí ẹ̀yin mọ̀, ṣé wọ́n máa ń wọlé?" ni mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àyìndé kò rẹ́rìn-ín.

N kò ní ṣe àbòsí. Nígbà tí ó kan Àyìndé láti dá tirẹ̀ fọn, mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀ lórí ẹ̀gúsí tí mò ń bó. Kò pariwo. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń sinmi, bí ẹni tí ó ń rìn lórí pákó tí kò dá lójú. Mo ronú pé, bí Baba rẹ̀ bá gbọ́ èyí ni. Lẹ́yìn náà onílù kọsẹ̀, wọ́n dúró, ìjà bẹ̀rẹ̀.

Sátidé kọjá. Ní ọjọ́ Ìsinmi mo ti di ẹrù mi. Àyìndé ní ọ̀gá kan ń lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n fẹ́ fi ijó sìn ín ní Sátidé tí ń bọ̀. Ó ní Sájẹ́ǹtì tí ó ń darí wọn kò ní gbà. Mo tú ẹrù mi. Sátidé kejì kọjá. Ó ní ọ̀gá tí yóò rọ́pò ẹni tí ó lọ ti dé, ijó ìkíni-káàbọ̀ rẹ̀ di Sátidé kẹta. Ogun ti parí, ijó kò parí. Ìyá Ràbí ní kí n fara balẹ̀. Mo ní mo ti fara balẹ̀, ibi tí mo fi balẹ̀ sí ti ń jìn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn, mo jókòó sí bárékè, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́. Kálukú yọ ẹnu fèrè rẹ̀, ó gbọn itọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ bàtà ṣọ́jà ni mò ń wí. Mo gba ti Àyìndé wò. Èérí aláwọ̀ ewé ti yí inú rẹ̀ ká. Nǹkan tí ó ń gbé sẹ́nu lójoojúmọ́ ni o.

"Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún mi," ni mo wí. "Ẹ ó rí i láàárọ̀ ọ̀la."

Inú wọn dùn. Wọ́n kó wọn fún mi, márùn-ún ni, ti àwọn onídẹ mẹ́rin àti ti Yusufu. Onílù àti àwọn tí ó ń ta gìtá kò ní. Ọsàn wẹ́wẹ́ mi wà níbẹ̀, mo bu eérú nínú ààrò Ìyá Ràbí, mo fi kànìnkànìn fọ̀ wọ́n. Wọ́n ń dán bí òrùka ìyàwó. Mo tò wọ́n sórí àtẹ, mo ń wò wọ́n. Ibẹ̀ ni èrò náà ti sọ sí mi lọ́kàn pé gbogbo ijó Sátidé tí ó ń dí mi lọ́nà ni ó wà lórí àtẹ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ mo lọ sí bárékè lọ́wọ́ òfìfo. Yusufu ni ó kọ́kọ́ bi mí. Mo ní wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. Mo jókòó sórí àpótí, mo mú ẹ̀gúsí mi. Kò pẹ́, Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ jáde wá. Ará Kàlàbá ni, ọkùnrin tí ó sanra, tí ó ti gbé Èkó rí, tí ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ó ń jẹ iṣu gbígbóná.

"Mama, abeg. Ẹnu àwọn ènìyàn mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀gá tuntun ń bọ̀ ní Sátidé. Mama, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni?"

"Èmi kò fẹ́ kí wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Fún ọmọ mi ní ìwé tí yóò fi lọ sílé, kí o gba ẹnu àwọn ènìyàn rẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí o ti di ọmọ mi mú, baba rẹ̀ sì ń kú lọ."

Sájẹ́ǹtì wò mí, ó wo Àyìndé, ó tún wò mí. Ó yọ fìlà rẹ̀.

"Who hold am? Mama, ẹ gbọ́ o. Ẹnì kan ni mo lè fi sílẹ̀ lóṣù kan, kí orin má baà bàjẹ́. Ó ti kan ọmọ yín lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí ogun parí. I sign am two times. Èkíní, ó ní kí onílù máa lọ dípò òun. Èkejì, ó ní kí Yusufu máa lọ. Oṣù yìí mo tún fi í síwájú nítorí kò tíì lọ rí, kò sọ ohunkóhun fún mi. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn."

Mo wo Yusufu. Yusufu ń wo bàtà rẹ̀. "Òótọ́ ni, Màmá," ni ó wí. "Mo lọ Ọ̀fà ní oṣù karùn-ún. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Arúgbó bíi tèmi, mo lọ fi ẹnu àwọn ọmọ ọlọ́mọ pamọ́, tí wọn kò ṣẹ̀ mí. Mo dìde, mo padà sílé, mo kó mẹ́rin wá, mo dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yusufu gbé tirẹ̀ sí ojú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ahọ́n ọparun kékeré kan máa ń wà lára tirẹ̀, pẹlẹbẹ bí èékánná, òun ni ó ń mú ohùn jáde. Èmi ti fi eérú àti kànìnkànìn fọ ìyẹn náà, ó ti fá, ó ti là.

"Màmá ti fọ ohùn mi dànù," ni ó wí. Kò bínú. Ó ní òun ní òmíràn. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí.

Ti Àyìndé nìkan ni n kò dá padà.

Ohun tí Àyìndé sọ

A jókòó sórí pèpéle ilé ẹ̀kọ́ náà. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ó sú mi ni."

"Lẹ́tà kan ti wá rí," ni ó wí.

Ẹ gbọ́ tiwa báyìí. Ní 1968, nígbà tí ìbẹ̀rù ogun kò jẹ́ kí n sùn, mo lọ bá olùkọ́ kan, mo ní kí ó kọ lẹ́tà sí Àyìndé lórúkọ baba rẹ̀, pé ó ti dárí jì í, pé kí ó máa padà bọ̀. Ìwé tí mo kà kò tó kọ ọ́ fúnra mi. Mo rò pé mo ṣe ohun tí ìyá ń ṣe. Àyìndé fèsì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀, Baba sì rí èsì náà kí n tó rí i. Ó mú kálámù, ó kọ tirẹ̀ ránṣẹ́: òun kọ́ ni òun kọ lẹ́tà yẹn, ọ̀rọ̀ òun ṣì dúró bí ó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ náà wá wúwo ní ìlọ́po méjì, èmi ni mo sì gbé e lé e.

"Ẹ wá tún dé," ni Àyìndé wí, "ẹ ní Baba ní kí n wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin ni? Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, tí ó tún lé mi, Ìyá mi, ibo ni mo tún máa lọ? Níbí, ó kéré tán, wọ́n ń ka ení, èjì, wọ́n ń retí mi."

Ẹni tí ó ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní òótọ́ tí ó lè fi búra. Mo yọ ẹnu fèrè rẹ̀ nínú àpò, mo tú etí ìró mi, mo dì í mọ́ ibẹ̀, mo so ó ní kókó méjì.

"Ọ̀la ni mò ń lọ," ni mo wí. "Lẹ́tà yẹn, èmi ni. Èyí, baba rẹ ni. N kò mọ bí mo ṣe lè fi hàn ọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ń bá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí o bá fẹ́ ẹ, máa tẹ̀lé e."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹnu fèrè wà ní sítọ́ọ̀ àwọn ṣọ́jà, Ìyá mi."

Sájẹ́ǹtì tí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ni ó dá a lóhùn. "Ọdún mẹ́ta lo fi èyí fọn. Ètè rẹ ò ní gba òmíràn. Ó dà bí kí o máa fi eyín ẹlòmíràn jẹran." Ó gbé ìwé lé orí ìlù, ó kọ orúkọ Àyìndé sí i, ọjọ́ mẹ́wàá. "Go. Ọ̀gá tuntun á gbọ́ fèrè idẹ mẹ́ta dípò mẹ́rin. Kò ní mọ̀. Wọn kì í mọ̀."

Ilé

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a sì wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Àbẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin mi, tí mo fi Baba sílẹ̀ fún, jáde pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Baba wà láyé," ni ó sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n ohùn ti lọ, Ìyá mi. Láti ọjọ́bọ̀. Ó ń pe orúkọ Bùrọ̀dá títí di alẹ́ ọjọ́rú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè pe ohunkóhun mọ́."

Mo dúró níbẹ̀, mo ka ọjọ́. Ọjọ́rú, mo ń fi eérú fọ irin. Ká ní a gbéra lẹ́yìn Sátidé àkọ́kọ́, ìbá ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èkejì pàápàá, ìbá ti gbọ́ ọ. Ojú Àyìndé ti fi hàn pé òun náà ti kà á.

Baba fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní, ìrọ̀rí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyìndé dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò súnmọ́ ọn, kò dìde. Baba wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ń gbọ̀n, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àyìndé kò gbé orí sókè, kò sì lè mọ̀ bóyá lílé ni wọ́n ń lé òun tàbí pípè ni wọ́n ń pe òun.

Mo ti rìn jìnnà, ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò sì lè fara da kí ọkùnrin méjì máa wo ilẹ̀ níwájú mi. Mo tú etí ìró mi. Mo fi irin náà sí ọwọ́ òsì Baba, èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Èyí tí ẹ sọ lu ògiri rè é," ni mo wí. "Òun ni mo fi mú un wá. Ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́."

Baba gbé e sójú. Ó fi àtàǹpàkò wá etí rẹ̀ ká, jẹ́jẹ́, bí ó ti máa ń wá ibi tí pákó kò dán. Àtàǹpàkò náà bá ibi tí ó tẹ̀ wọnú, ó dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lu ẹní lẹ́ẹ̀mejì. Àyìndé rákò wá. Baba na irin náà sí i, ó kọ́kọ́ gbá a léyín, ó wá gbé e sí ojú àmì tí ó wà ní ètè rẹ̀ gan-an. Ó sì dì í mú síbẹ̀.

Àyìndé fọn ọ́. Láìsí fèrè, irin yẹn nìkan, ohùn pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ń jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baba tí kò kú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó tún lu ẹní pé kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Baba wá gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì gbé e kúrò títí tí oorun fi gbé e lọ.

Ṣé ìyẹn mú ọ̀rọ̀ náà kúrò? Àyìndé ní ó ti kúrò. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo torí rẹ̀ lọ wá a, Sátidé méjì sì ni òun àti ijó rẹ̀ fi jẹ ẹ́. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún àwọn òbí yín pé ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ lè gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo jí kí àwọn méjèèjì tó jí. Mo mú ṣòkòtò iṣẹ́ Baba tí ó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọn lẹ́búlẹ́bú igi inú rẹ̀ dànù, mo gé ìdajì ẹsẹ̀ kan kúrò. Mo fi rán àpò kékeré, mo ki okùn sí i lẹ́nu. Mo tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ irin náà, mo sọ ọ́ sínú àpò, mo fà á pa, mo sì gbé e lé Àyìndé lọ́wọ́ bí ó ṣe ń jáde láti bọ́jú. Mo sọ fún un pé bí mo bá tún rí i nínú ìbọ̀sẹ̀, n kò ní dá a padà mọ́.